Orúkọ Tí Ìwé Sọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìkẹjà

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gba wákàtí méjì lọ́wọ́ wa. A ń ka ìwé tí Adrian Peace kọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Agége àti Ìkẹjà, èyí tí a pe àkọlé rẹ̀ ní Choice, Class and Conflict, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1979. Ẹnì kan nínú wa dìde, ó ní kí a tó sọ bóyá ìwé náà jà tí ó ṣẹ́gun, kí a kọ́kọ́ fi èdè Yorùbá sọ ohun tí ó ń bá jà. Ohun tí ó ń bá jà ni èrò àwọn onímọ̀ kan pé labour aristocracy ni àwọn òṣìṣẹ́ olówó-oṣù tí ó wà ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Áfíríkà. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ẹni èkíní ní “ọ̀tọ̀kùlú òṣìṣẹ́.” Ẹni kejì ní “bọ̀rọ̀kìnní lébìrà.” Ẹni kẹta, tí ó jẹ́ ọmọ Agége pọ́ńbélé, ní kí a lọ dán an wò: kí a dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan ní òpópó Ọba Àkràn ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, kí a kí ẹni tí ó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀tọ̀kùlú.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé ẹ̀rín kì í ṣe ìdáhùn. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá ṣe é sọ lójú ẹni tí a fi ń pè, ó lè jẹ́ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ó sì lè jẹ́ pé òtítọ́ tí ó korò ni. Ìdí nìyí tí mo fi tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tí Peace ń bá jiyàn. Ní 1961 ni Frantz Fanon ti kọ ọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńlá ni àwọn aláwọ̀ funfun amúnisìn kẹ́ jù nínú àwọn tí wọ́n ń mú sìn, àti pé àwọn àgbẹ̀ nìkan ni kò ní ohun tí wọ́n lè pàdánù. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń lọ sí òpin, Giovanni Arrighi àti John Saul gbé irú ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ọ̀nà ìṣirò: wọ́n ní ilé iṣẹ́ òkèèrè a máa san owó tí ó ju ti ẹlòmíràn lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè fọkàn balẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí a sì bá àwọn alágbára jókòó ti àwo kan náà, nígbà tí àgbẹ̀ ń san owó orí tí a fi se ọbẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ní irọ́ pátápátá ni èyí ti gbàgbé ilé bàbá rẹ̀. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí ẹ̀rọ ń dún ní Ìkẹjà, àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ń fi ìbọn ṣakaǹbùlà kojú ọlọ́pàá àti ológun ní ẹ̀bá Ìbàdàn àti ní ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, nítorí owó orí àti nítorí iye tí a ń ra kòkó wọn. Ọdún pípẹ́ ni àjọ tí ìjọba fi ń ra kòkó ti ń yọ nínú èrè àgbẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ta ni ó jẹ ohun tí a yọ? Ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́, òótọ́ ni. Ó kọ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni ó la ilẹ̀ Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́ nígbà tí òmìnira ń sún mọ́lé, nítorí Ìkẹjà àti Agége kò tíì di ara ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó bá wo ẹ̀rọ Ìkẹjà tí ó ní òógùn òun wà nínú rẹ̀ kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọmọ ta ni ó wà nídìí ẹ̀rọ náà? Ibí yìí ni Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí àwọn tí ó jókòó sí yàrá ìkàwé kò ṣe. Ó lọ sí Agége, ó gbé ibẹ̀, ó sì wo bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń ná owó wọn. Agége tí ó rí ní nǹkan bí 1970 kì í ṣe Agége ayé J. K. Coker mọ́, nígbà tí oko obì àti kòkó ni ó yí ojú irin ká. Ó ti di ìlú yàrá àyágbé. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ka ìwé mẹ́fà tàbí ìwé mẹ́wàá ti wá láti Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀ṣun àti Èkìtì, wọ́n gba yàrá kan ní ilé onílé, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà. Ọmọ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Owó tí “ọ̀tọ̀kùlú” náà ń gbà, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń padà lọ sí abúlé, díẹ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ, díẹ̀ sọ́dọ̀ télọ̀, díẹ̀ sínú èésú, onílé a sì gba tirẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ owó oṣù tó ṣú.

Èyí ni ọkàn ìwé náà, mo sì rò pé ohun tí ó dára jùlọ nínú rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ń fi ìwé ìṣirò wo òṣìṣẹ́ yóò rí i pé owó rẹ̀ ju ti ẹni tí ó ń ta àkàrà ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ lọ, yóò sì sọ pé ọ̀tá ni àwọn méjèèjì. Peace béèrè ohun mìíràn: ta ni ó ń ra àkàrà náà? Bí owó oṣù bá lé, alákàrà mọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí owó oṣù kò bá lé tí ọjà sì wọ́n, àwìn ni yóò máa tà. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá bá máníjà fa ọ̀rọ̀, àwọn tí kò wọ ilé iṣẹ́ rí láyé wọn ń gbàdúrà fún un. Peace ní àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni aṣíwájú àwọn mẹ̀kúnnù Agége, nítorí àwọn nìkan ni ó ní ibi tí wọ́n ti lè di ohun kan mú kí ìjọba fi gbọ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1971. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìn-ín-ní 1970, ọjà wọ́n gógó. Ìjọba ológun yan Olóyè Simeon Adébọ̀ láti ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ owó oṣù wò. Ní ìparí ọdún náà ìgbìmọ̀ yìí sọ pé kí a fún àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ìrànwọ́ fún ọ̀wọ́n ọjà, wọn kò sì fi bò pé ìyà ń jẹ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ àti pé fàájì àwọn tí owó wọn kò ní orísun tí a mọ̀ ń dá kún ìrora náà. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni wá rí ihò kan sá sí: a ti gbà pé èyí tí ó bá ti fi kún owó oṣù láti 1964 lè má san án. Máníjà mélòó ni yóò rí irú ihò bẹ́ẹ̀ tí kò ní wọ̀ ọ́? Òfin ti wà láti 1969 tí ó fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá yan iṣẹ́ lódì. Síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà da iṣẹ́ sílẹ̀, ìròyìn ń ti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan dé òmíràn, ìjọba sì dí ihò náà.

Kíyè sí i pé kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n jà fún. Wọ́n jà lórí ìtumọ̀ gbólóhùn kan nínú ìwé ìjọba. Ta ni ó ti gba àfikún láti 1964? Kí ni a ń pè ní àfikún? Ẹni tí ó ní àṣẹ láti dáhùn ìbéèrè yẹn ni ó ní owó náà lọ́wọ́. Bí mo ti ń ka ibẹ̀ ni mo rántí Berger àti Luckmann tí olùkọ́ wa fi ń yọ wá lẹ́nu ní ọdún kejì, ìwé wọn tí ó jáde ní 1966, tí ó sọ pé ohun tí àwọn ènìyàn jọ gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ ni ó ń di ohun tí ó rí bẹ́ẹ̀, tí a ó sì wá máa forí gbá a bí ògiri. Mo há a sórí fún ìdánwò, mo sì yege. Kò yé mi.

Ibi tí ó ti yé mi ni ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè yìí tí n kò ní dárúkọ, níbi tí mo ti lo oṣù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí a rán wá kọ́ṣẹ́. Wọ́n gbé aago àti pátákó ìkọ̀wé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n dúró ti àwọn obìnrin tí ó ń kó bísíkítì sí páálí, kí n kọ iye tí wọ́n ń kó ní wákàtí kan. Kásúà ni gbogbo wọn. Ọwọ́ kọngílá ni wọ́n ti ń gbowó, kì í ṣe ọwọ́ ilé iṣẹ́. Mo kọ páálí 42. Mo kọ ọ́ dáadáa, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi kọ ọ́, mo sì ya àwòrán ìlà tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀. Máníjà yìn mí. Kí n tó kúrò níbẹ̀, 42 ti di òfin. Ẹni tí kò bá kó o pé, wọn a gé owó ọjọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mo ń dágbére, ìyá kan nínú wọn ni ó la ọ̀rọ̀ náà yé mi, láìbínú. Ó ní, “Ọmọ mi, 36 ni a máa ń kó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a rí ọ pẹ̀lú ìwé, a rò pé o wá yan àwọn tí wọn yóò gbà síṣẹ́ gidi ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sáré.” Ohun tí wọ́n rò nípa mi ni mo kà, tí mo pè é ní iṣẹ́ wọn. Ìrètí ni mo fi aago wọ̀n. N kò padà lọ bá máníjà láti tún un ṣe, nítorí lẹ́tà ìyìn mi ti wà nínú àpò mi, olùkọ́ mi sì ti fún mi ní máàkì rere lé e lórí. Mo sọ èyí ní ìpàdé, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹnì kan ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, pé ẹlòmíràn ni ìbá kọ ọ́ bí n kò bá kọ ọ́. Bóyá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ́.

Mo tọ́ka sí èyí kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí bí mo ti fẹ́ dá Peace lẹ́bi wàyí. Ìwé tí ó kọ kò sí nínú irú ìwé tí mo kọ. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ní Yorùbá ti di Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó fi hàn dáradára pé èrò ọ̀pọ̀ nínú wọn ni láti tu owó jọ, kí wọ́n sì fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dá òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn sílẹ̀. Òǹkàwé tí kò gbọ́ Yorùbá yóò rò pé ọgbọ́n ìṣòwò lásán ni. Àwa mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin wa, ẹni tí ó bá pé ọmọ ogójì ọdún tí ẹlòmíràn ṣì ń fi fèrè pè é síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kan àwọn ará ilé rẹ̀ lójú. Ìwọ̀fà pàápàá ní ọjọ́ tí yóò bọ́, N. A. Fadipe ti ṣàlàyé ètò yẹn fún wa nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1970. Ọjọ́ wo ni lébìrà yóò bọ́? Ìbéèrè yẹn wà lábẹ́ gbogbo ohun tí àwọn ọkùnrin Agége wọ̀nyẹn ń sọ, n kò sì gbọ́ ọ tó bí mo ti fẹ́ nínú ìwé náà.

Ó sì tún kù díẹ̀ kí n gba ọ̀rọ̀ àjọṣe òun mẹ̀kúnnù yẹn gbọ́ tán. Nígbà tí ìjọba san owó Udoji ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, tí àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni sì tún yan iṣẹ́ lódì kí a lè san tiwọn, iye owó ọjà fò sókè lójú ẹsẹ̀, owó ilé sì tẹ̀lé e. Ìyálọ́jà tí ó ṣàdúrà fún òṣìṣẹ́ ní àárọ̀ ni ó fi kún owó gàrí ní ìrọ̀lẹ́. N kò ní kò yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà ń ra ọjà. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjókòó kan náà ni wọ́n jókòó sí, onílé tilẹ̀ wà ní iwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa tí ó wà níbẹ̀ ní kí a fi àwọn òyìnbó sílẹ̀, kí a fi ọgbọ́n ara wa wo Agége. Ó tọ́ka sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo ti Ifẹ̀, ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ àjọbí àti àjọgbé wá sínú ìmọ̀ àwùjọ ní 1980, tí ó sì fi ẹsẹ̀ oríkì ìṣẹ̀dá kọ́ àwọn onímọ̀ ayé ní ọ̀rọ̀ àsùwàdà ní 1986. Mo fi gbogbo ara bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ àjọgbé bá ilé onílé ní Agége mu ju ohunkóhun tí mo kà nínú Gẹ̀ẹ́sì lọ: àwọn tí kò bá ara wọn tan, tí wọ́n jọ ń lo kànga kan, tí wọ́n sì ń sọ ara wọn lórúkọ ìyá àti bàbá. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbòmíràn rí. Ní ilé iṣẹ́ bísíkítì yẹn, ní ọjọ́ tí àwọn obìnrin béèrè owó iṣẹ́ alẹ́ wọn, ọ̀gá tí ó wá bá wọn sọ̀rọ̀, ọmọ Yorùbá bí tiwa, kò sọ̀rọ̀ owó rárá. Ó ní, “Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wa níbí, a kì í bá ara wa ní gbèsè.” Wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Bí ìmọ̀ ilẹ̀ òkèèrè bá lè sọ òṣìṣẹ́ di ọ̀tọ̀kùlú láti fi owó rẹ̀ dù ú, ìmọ̀ ilé náà lè sọ ọ́ di àbúrò fún ìdí kan náà. Ọgbẹ́ni Akiwowo kọ́ ni ó ṣe èyí. Àwa tí a ń kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a máa béèrè pé ta ni ó ń lò ó, àti sí ta.

Ohun kan wà tí ó dùn mọ́ mi nínú. John Saul, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀kùlú kalẹ̀, tún un gbé yẹ̀ wò ní 1975, nínú ìwé tí Richard Sandbrook àti Robin Cohen ṣe olóòtú rẹ̀, ìwé kan náà tí Peace ti gbé ọ̀rọ̀ Agége síta. Ó gbà pé òun ti sọ ọ́ le jù. Ẹ kò rí i pé àwọn tí ó da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà tún ìwé ọ̀mọ̀wé kan kọ, láìmọ orúkọ rẹ̀? Ó ṣọ̀wọ́n kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó sì gba ẹni tí ó lọ gbé ibẹ̀ kí ìròyìn wọn tó dé etí rẹ̀.

Òpópó Ọba Àkràn ti yàtọ̀ báyìí. Dunlop, tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dáwọ́ taya ṣíṣe dúró ní ìparí 2008. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti di ibi ìkẹ́rùsí, òmíràn di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn gbọ̀ngán ìnáwó. Níbi tí ẹ̀rọ ti ń dún síbẹ̀, kásúà pọ̀, ọwọ́ kọngílá sì ni orúkọ wọn wà. Òṣìṣẹ́ tí Peace rí ní ẹgbẹ́, ó ní ẹnu ọ̀nà tí ó lè dúró sí. Kásúà kò mọ ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú wa kọ ìwé tiwọn, mo sì fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí: iye ènìyàn tí wọ́n ń ta ọjà fún ní Agége lọ́jọ́ owó oṣù, bí ọjọ́ owó oṣù kan bá ṣì wà.

Ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, ìyanṣẹ́lódì 1971 ni a ó kà nípa rẹ̀. Ọmọ Agége tí ó fi wá rẹ́rìn-ín ní òun yóò mú bàbá òun àgbà wá, nítorí ó wà ní Ìkẹjà nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀ wá: kí a má ka Gẹ̀ẹ́sì sí bàbá létí. A ti pín ojú ìwé náà láàrin ara wa láti túmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Gbólóhùn tí ó ní labour aristocracy nínú ni ó bọ́ sí ọwọ́ tèmi, n kò sì tíì mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ lójú wọn.